Ẹnu Aláìsàn: Bí Ẹ Ṣe Lè Bójú Tó Ọ̀rọ̀ Àti Oúnjẹ Ènìyàn Yín Ní Ọsibítù

Ọjọ́ kẹta tí ìyá mi wà ní wọ́ọ̀dù, dókítà mẹ́fà dúró yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló mú fáìlì lọ́wọ́. Ọ̀gá wọn fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó ní, "Màmá, báwo ni ara lónìí?" Ìyá mi fi etí ìborùn bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "A dúpẹ́, ọkọ mi. Ẹ kú iṣẹ́." Ọ̀gá náà dáhùn, èyí tó mú fáìlì kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n sì bọ́ sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Obìnrin tó ní "a dúpẹ́" yìí kò tíì fi ohun líle kankan kan ẹnu láti ọjọ́ tí a ti gbé e dé. Ní yàrá pàjáwìrì, wọ́n ní ká yọ eyín àtọwọ́dá rẹ̀. Èmi ni mo dì í sínú áńkáṣífù, mo jù ú sínú báàgì mi, mo sì gbàgbé. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí Màmá sọ ọ́ lójú àwọn ọmọkùnrin tí kò sí èyí tó tó àkọ́bí rẹ̀ nínú wọn. Nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ ti kọ ọ́ pé ó ń jẹun dáadáa, nítorí pé òfìfo ni àwo rẹ̀ máa ń padà. Báwo ni kò ṣe ní padà lófìfo? Èmi tí mo jókòó tì í ni mò ń jẹ ẹ́, kó má bàa ṣòfò.

Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ohun tí aláìsàn ń jẹ àti ohun tí aláìsàn ń sọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá bójú tó ohun tó ń wọ ẹnu rẹ̀ àti èyí tó ń jáde níbẹ̀, fáìlì á máa sọ tirẹ̀ lọ. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ máa dúró ti ènìyàn yín ní ọsibítù nílẹ̀ wa níhìn-ín, níbi tó jẹ́ pé mọ̀lẹ́bí ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́. Ti àìsàn fúnra rẹ̀, dókítà ló ni ín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ohun tí ẹ ó dì kí ẹ tó kúrò nílé

Bí kì í bá ṣe pàjáwìrì, ẹ ní ìrọ̀lẹ́ kan láti fi dì ẹrù. Ẹ má kàn kó ìró àti aṣọ ìbora nìkan. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò sínú ọ̀rá kan pẹ̀lú páálí wọn, torí pé "oògùn funfun kékeré yẹn" kò ran dókítà lọ́wọ́. Àgbo wà lára oògùn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi àgbo pamọ́ nítorí ìbáwí, ṣùgbọ́n àwọn ewé àti egbò kan wà tó lè ba ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín jẹ́, àwọn mìíràn sì máa ń bá oògùn òyìnbó jà nínú ara. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí wọ́n bá a wí ní gbangba, ẹ pe dókítà kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sọ ọ́ fún un wẹ́rẹ́.

Eyín àtọwọ́dá ńkọ́? Ike onídèérí ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ kọ orúkọ sí i lára. Awò ojú, àti ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́rọ̀ bó bá ní. Ẹni tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa máa ń mi orí sí gbogbo ìbéèrè, wọ́n á sì rò pé ó gbà ni. Ẹ mú síbí, ife, àwo, kúlà kékeré kan, fílásíkì omi gbígbóná. Lẹ́yìn náà, ìwé kékeré kan àti báírò méjì, nítorí pé ẹnì kan á yá ọ̀kan lọ́wọ́ yín tí kò ní dá a padà.

Lójú ìwé àkọ́kọ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí, àwọn àìsàn tó ti wà nílẹ̀, ohun tí ara rẹ̀ kì í gbà, èèwọ̀ ìdílé, àti ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò fàyè gbà. Bó bá ń gba ààwẹ̀, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ dé. Mo ti rí bàbá kan tó ń fi oògùn òwúrọ̀ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí títí di ìgbà ìṣínu, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀.

Kí ẹ tó jáde nílé náà ni kí ẹ ti yan ẹnu kan. Bí ọmọ méje bá bi dókítà ní ìbéèrè kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìdáhùn kékeré méje ló máa fún wọn, ìjà á sì bẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Ẹnu kan yẹn kò pọn dandan kó jẹ́ àkọ́bí. Ẹni tó lè gbọ́rọ̀ tán kó tó fèsì ni kí ẹ yàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ẹni tó yẹ kí ẹ bi

Ní àwọn ọsibítù ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà, irú UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí ti yunifásítì Ifẹ̀, ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni àwọn dókítà máa ń wá. Kọ́nsọ́tánt ni ọ̀gá pátápátá, àwọn réjísírà ló tẹ̀ lé e, hausìmàn ló kẹ́yìn. Hausìmàn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ ni, ojú rẹ̀ máa ń pọ́n fún àìsùn, òun ló ń fa ẹ̀jẹ̀, òun ló ń sáré lọ gba èsì àyẹ̀wò. Kọ́nsọ́tánt lè má yọjú sí yín ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀. Orúkọ hausìmàn ni kí ẹ há sórí.

Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń gbé iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́, tàbí tí wọ́n bá ń ti kẹ̀kẹ́ oògùn kiri, ẹ má lọ bá wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gígùn, àfi bó bá jẹ́ pàjáwìrì. Bí wákàtí kan bá ti kọjá lẹ́yìn ìgbaṣẹ́, ara á ti balẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ kú àìsùn alẹ́ àná" máa ń ṣí ilẹ̀kùn tí ariwo ò lè ṣí. N kò ní kí ẹ máa tọrọ ẹ̀tọ́ yín bí ẹni ń ṣagbe o. Ẹni tó ti dúró láti àárọ̀ ló wà níwájú yín, ìkíni kò sì ní kí ẹ ná kọ́bọ̀.

Ẹ tún béèrè àkókò tí àwọn dókítà máa ń yí wọ́ọ̀dù ká. Òwúrọ̀ ni lọ́pọ̀ ibi. Wọ́n lè ní kí gbogbo ará ilé jáde. Bí aláìsàn yín kò bá lè sọ̀rọ̀ dáadáa, tàbí bí ọjọ́ bá ti lọ lórí rẹ̀, ẹ ti bẹ nọ́ọ̀sì tó wà lórí iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó dé, pé kó jẹ́ kí ẹnì kan dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ya ìkíni sọ́tọ̀ kúrò lára èsì

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Nínú èdè wa, "báwo ni ara?" kì í ṣe ìbéèrè, ìkíni ni. Ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í dá ìkíni lóhùn pẹ̀lú ìráhùn. Dókítà tó jẹ́ ọmọ Yorùbá pàápàá á kí Màmá bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, Màmá á dáhùn bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà, èyí tó mú fáìlì á sì kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kò sí ohun tó ń dun aláìsàn yìí.

A ò lè ní kí arúgbó má kíni mọ́. Ohun tí àbúrò mi kọ́ Màmá ni pé kó dá ìkíni lóhùn tán, kó mí, kó wá ní, "Ní ti ara ṣá…" Lẹ́yìn náà kó sọ nǹkan mẹ́ta: ibi tó ń dùn ún, ohun tó jẹ àti èyí tí kò lè jẹ, àti ìgbà tó yàgbẹ́ tàbí tọ̀ kẹ́yìn. Wọ́n fi ìrọ̀lẹ́ kan dán an wò, àbúrò mi ṣe dókítà, Màmá ń rẹ́rìn-ín ìtìjú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi. Ní ti ara ṣá, ẹsẹ̀ òsì ń ta mí láti òru, ẹ̀kọ nìkan ni mo rí mu, mi ò sì tíì yàgbẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì." Kọ́nsọ́tánt dúró. Ó fa àga, ó jókòó.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìrora ṣe pàtó. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún un: ó ń ta, ó ń gún, ó ń jó, ó ń ro, ó ń rìn kiri. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, dókítà tó gbọ́ èdè sì lè fi mọ ibi tí yóò wò. Àmọ́ "inú ń run mí" gbòòrò jù, ó lè jẹ́ òkè ìdodo, ó lè jẹ́ abẹ́ rẹ̀, ó lè jẹ́ ilé ọmọ. Ẹ ní kó fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka síbi tó wà. "Àyà mi ń já" náà lè rújú. Ẹ̀rù ni wọ́n lè kà á sí, nígbà tó jẹ́ pé ọkàn tó ń lù kìkì ló ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni "ibà", tí a fi ń pe gbogbo àárẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ara gbóná ni, ẹ ní ara gbóná.

Bí dókítà bá ní kó fi nọ́ńbà láti òdo dé mẹ́wàá díwọ̀n ìrora, àgbàlagbà lè má rí orí ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyá mi ní, "Mẹ́wàá kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Ẹ fi ohun tó mọ̀ wé e. "Ṣé ó tó ti ìrọbí?" Ìyẹn ló yé e, ìdáhùn rẹ̀ sì wúlò.

Ní ti èdè, òfin ti là á kalẹ̀. Abala 23 nínú Òfin Ètò Ìlera ti ọdún 2014 sọ pé kí òṣìṣẹ́ ìlera ṣàlàyé ipò ara aláìsàn fún un ní èdè tó gbọ́, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kó sì wo bí ó ṣe mọ̀wé tó. Àlàyé yẹn kan àyẹ̀wò tó wà, ìtọ́jú tí wọ́n lè fún un, ewu àti iye tó máa ná an, àti ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti kọ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí orí ìyá yín, ẹ lè fi sùúrù sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Dókítà, ẹ má bínú, ẹ bá wa fi Yorùbá sọ ọ́ fún Màmá, àwọn ló ni ara." Bí dókítà náà kò bá gbọ́ Yorùbá, nọ́ọ̀sì tó gbọ́ ni kó túmọ̀. Ẹ má fi ọmọ ọdún mẹ́tàlá ṣe ògbufọ̀ lórí ọ̀rọ̀ abẹ́ ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàlàyé, ẹ má ní "ó ti yé wa." Ẹ ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbọ́, kí ẹ tún mi ṣe." Kí ẹ wá sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo sọ ọ́ tí kò sí àtúnṣe.

Àwọn ìgbà kan sì wà tó yẹ kí ẹ̀yin fúnra yín jáde. Àṣírí aláìsàn wà lábẹ́ òfin yẹn kan náà, ohun kan sì wà tí bàbá kò ní sọ fún dókítà lójú ọmọ rẹ̀. Ẹ fún wọn láyè. Ní ti àṣà fífi orúkọ àìsàn pamọ́ fún ẹni tó ń ṣe, mi ò fara mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fà á, àmọ́ ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe é, báwo ló ṣe máa mọ ìdí tí wọ́n fi ní kó má jẹ iyọ̀?

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kí ẹ tó fún un ní síbí àkọ́kọ́

Ọsibítù kan máa ń gbé oúnjẹ wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, owó rẹ̀ sì wà nínú owó tí ẹ máa san. Òmíràn kò ní ilé ìdáná tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ibi tí onímọ̀ oúnjẹ bá wà, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó rí aláìsàn yín, torí pé àwọn dókítà máa ń gbàgbé láti pè é. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi kò pọ̀: Ṣé ó lè jẹun báyìí? Kí ni kò gbọ́dọ̀ kàn? Omi mélòó lóòjọ́? Oògùn wo ló bá oúnjẹ lọ, èwo ni kò bá a lọ?

Bí wọ́n bá ní kó má jẹ, kó má mu, ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé, bí wọ́n bá fi oògùn kùn ènìyàn lóorun, ohun tó wà nínú ikùn lè gòkè wá, kó sì já sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń lò ni wákàtí 6 ó kéré tán láìjẹun, àti wákàtí 2 láìmu omi lásán. Oúnjẹ ọlọ́ràá lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún yín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Obì, orógbó àti ṣingọ́ọ̀mù wà nínú "má jẹ". Ẹ tún béèrè nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà tó máa ń lò láàárọ̀: ṣé kó fi omi díẹ̀ gbé e mì ni, àbí kó fi í sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ibí yìí dùn mí lára díẹ̀. Wọ́n ti ẹnu Màmá láti ọ̀gànjọ́ òru nítorí iṣẹ́ abẹ àárọ̀. Aago mẹ́wàá lù, aago méjìlá lù. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ètè rẹ̀ ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, ìgbà yẹn ni ẹnì kan tó ń kọjá lọ sọ pé, "Ẹ ò tíì gbọ́ ni? Wọ́n ti sún un di ọ̀la. Aboyún kan ló gba yàrá iṣẹ́ abẹ." Mi ò bínú sí aboyún, ẹ̀mí méjì ló wà níbẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé àwọn kan ti mọ̀ láti aago mọ́kànlá. Láti ìgbà náà, mo máa ń béèrè ní ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí méjì-méjì: "Ṣé iṣẹ́ abẹ náà ṣì wà lónìí? Ẹni kẹlòó la jẹ́? Ṣé ó lè mu omi títí di ìgbà wo?" Bí wọ́n bá ti sún un, ẹ gba àṣẹ oúnjẹ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má dúró de àwo alẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: oúnjẹ tí ẹ bá ń gbé ti ilé wá

Oúnjẹ ilé ni oúnjẹ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ tí ẹ fi ń se é fún ẹni tí ara rẹ̀ le yàtọ̀ sí ti ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin, àkókò oúnjẹ rẹ̀ ṣe pàtàkì bí oúnjẹ fúnra rẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń gún ṣáájú oúnjẹ, bí wọ́n bá gún un tí oúnjẹ ò sì dé, ṣúgà ara á já wálẹ̀: òógùn tútù, gbígbọ̀n, ọ̀rọ̀ tí kò lórí. Bí ẹni tó ń gbé kúlà bọ̀ bá há sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó gún abẹ́rẹ́ náà. Àmàlà kì í ṣe èèwọ̀ fún un bí àwọn kan ṣe rò, bí òkèlè ṣe pọ̀ tó ni ká wò, àti ẹ̀fọ́ tó wà nínú ọbẹ̀.

Ti kíndìnrín yàtọ̀. Bí dókítà bá ní èròjà potassium tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, omi àgbọn, tòmátì àti ẹ̀wà tí à ń pè ní oúnjẹ aṣaralóore lè di ewu fún ọkàn rẹ̀. Iṣu ńkọ́? Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, kí ẹ da omi náà nù. Mo rí alábẹ̀wò kan tó gbé omi àgbọn mẹ́ta wá fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, ó ní kó fi fọ inú. Nọ́ọ̀sì ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, tí kò ju tíspúùn kan lọ. Kúùbù èròjà ọbẹ̀, ìyẹn Maggi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wà nínú ìṣirò yẹn. Búrẹ́dì náà níyọ̀. Irú, ata rodo, àlùbọ́sà àti efinrin lè mú kí ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ kéré dùn lẹ́nu.

Ẹni tó ń lo warfarin kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má bàa dì, kò pọn dandan kó fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀, iye kan náà ni kó máa jẹ. Bó bá jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kún àwo lọ́jọ́ kan, tó sì lo ọ̀sẹ̀ kan láìjẹ ẹ́, oògùn náà á máa ṣe ségesège. Oògùn apakòkòrò bíi ciprofloxacin àti doxycycline kò bá mílíìkì tàbí yógọ́ọ̀tì lọ, ẹ jẹ́ kí wákàtí méjì wà láàárín wọn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú kò bá tíì mímu lọ.

Ẹ gbé oúnjẹ wá ní gbígbóná, kí ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Èyí tó bá ti wà nílẹ̀ ju wákàtí méjì lọ láìgbóná láìtutù, ẹ má fún aláìsàn. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ tètè máa ń kan, ẹ̀fọ́ náà bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni kí ẹ máa gbé wá lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn alábẹ̀wò ńkọ́? Lucozade, mọ́ọ̀tì, bisikíìtì, ọsàn nínú ọ̀rá dúdú. Ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, ẹ gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò pọn dandan kí ẹ ṣàlàyé fún wọn. Nígbà tí wọ́n bá lọ tán, ẹni tó wà lórí iṣẹ́ alẹ́ á bá yín mu ún.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: fífi oúnjẹ sí i lẹ́nu

Ẹ kọ́kọ́ fọ ẹnu rẹ̀. Ẹnu tó korò látàrí oògùn kì í mọ adùn ọbẹ̀. Ẹ gbé e jókòó ṣánṣán, kì í ṣe ìdajì ìdùbúlẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ jókòó, kí ojú yín bá tirẹ̀ dọ́gba. Ìdajì síbí, kó gbé e mì tán, kí ẹ tó bu òmíràn. Bó bá jẹun tán, kó ṣì wà ní ìjókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù, ẹ má fún un ní ohunkóhun, omi pàápàá, títí wọn yóò fi yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò bóyá ó lè gbé nǹkan mì. Omi lásán ló léwu jù fún irú wọn, nítorí pé ó máa ń tètè sáré kọjá, ògì tó ki ń rọra lọ. Bó bá ń wúkọ́ bó ṣe ń jẹun, tí ohùn rẹ̀ sì ń dún bí ẹni pé omi wà lọ́fun rẹ̀, ẹ dúró, kí ẹ pe nọ́ọ̀sì. Ẹ má rọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ ọwọ́ lágbo. Mo mọ ìrora wíwo ẹni tí kò jẹun, àmọ́ ẹ̀dọ̀fóró kò mọ ògì í dà.

Bí wọ́n bá fi rọ́bà tí oúnjẹ ń gbà wọ ikùn sí i nímú, nọ́ọ̀sì ni kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ojú ibi tó yẹ ló wà. Ohun tí wọn ò bá ní kí ẹ dà sí i, ẹ má dà á.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ìwé kékeré yẹn ti dé ibi tó wúlò. Ọjọ́, aago, ohun tó jẹ, bí ó ṣe pọ̀ tó. Ẹ kọ ohun tó wọ ẹnu rẹ̀, ẹ má wo àwo. "Ìdajì ọ̀lẹ̀lẹ̀, síbí ògì mẹ́rin, ó bì í." Ẹ̀yin tí ẹ jẹ ìyókù, ẹ kọ ìyẹn náà, ẹ má tijú bíi tèmi.

Bí wọ́n bá ń díwọ̀n omi rẹ̀, ẹ rántí pé pọ́ọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá sábà máa ń jẹ́ 50cl. Ẹ lò ó láti mọ bí ife yín ṣe gbà tó, kí ẹ fi báírò sàmì sí i. Ọbẹ̀, tíì àti ẹ̀kọ mímu, omi ni gbogbo wọn. Ẹ má da ìtọ̀ nù kí nọ́ọ̀sì tó rí i, bí wọ́n bá ní kí ẹ máa díwọ̀n rẹ̀. Nígbà tí mo fi ìwé mi han hausìmàn, ó ya fọ́tò rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti wà nínú fáìlì.

Ẹ̀yin tí òbí yín bá dùbúlẹ̀ sí ọsibítù ní ìlú ọba, ti yín rọrùn níbì kan, ó sì le níbòmíràn. Ẹ lè béèrè ògbufọ̀ Yorùbá lọ́wọ́ NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba níbẹ̀, láìsan owó. Ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù ló máa ń fi tíréè pupa sàmì sí ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ láti jẹun, àmọ́ ẹnì kan ní láti sọ pé ìyá yín nílò rẹ̀. Màmá tó wò ó pé ọ̀dùnkún tí wọ́n lọ̀ yìí kì í ṣe iyán á ní òun ti yó.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí nǹkan bá wọ́

Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ mátírọ́ọ̀nì wọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà kọ́nsọ́tánt. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti aago tó ṣẹlẹ̀, ẹ fi ìwà ẹni náà sílẹ̀. Ní ọsibítù ìjọba àpapọ̀, ọ́fíìsì SERVICOM wà, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2004 láti máa gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí wọ́n gbé jáde ní 2018 náà wà, àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà sì ń gba ẹ̀sùn. Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Ní tiwa, mátírọ́ọ̀nì ló parí rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn méjì.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ọjọ́ tí ẹ máa lọ

Inú dídùn kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ nǹkan lọ́jọ́ yìí. Kí ẹ tó san owó ìkẹyìn, ẹ gba ohun tí yóò máa jẹ àti oògùn rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ sì ka á padà fún ẹni tó kọ ọ́. Èwo ló dúró nínú oògùn àtijọ́? Títí di ìgbà wo ni kó fi má jẹ iyọ̀? Àmì wo ló yẹ kó mú wa sáré padà wá lóru? Nọ́ńbà wo la máa pè?

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ bẹ́ẹ̀dì wò, abẹ́ rẹ̀, abẹ́ ìrọ̀rí, orí fèrèsé. Ẹ má ju áńkáṣífù tàbí tíṣù kankan nù láìtú u. A ti dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù nígbà tí Màmá fọwọ́ kan ẹnu, ó wò mí, kò sọ̀rọ̀. Mo sáré padà. Ike onídèérí náà wà lórí fèrèsé, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, obìnrin tó ń gbálẹ̀ sì ti gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan pé ẹni tó ni í á padà wá.